Ẹja ń na ẹja nínú tánkì omi iyọ̀ yín? Bẹ́ ẹ ṣe máa là wọ́n rèé

Ọjọ́ Sátidé kan, bí aago 6 àárọ̀, wọ́n ti mú iná lọ ní Kubwa láti òru, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú tánkì, mo sì rí ẹja kékeré mi kan tí wọ́n ń pè ní firefish lẹ́yìn hítà tó ń mú omi gbóná. Ó ti fún ara ẹ̀ sáàárín hítà àti gíláàsì, lẹbẹ́ gígùn ẹ̀yìn ẹ̀ tó máa ń nà sókè bí áńténà rédíò ti já, ìrù ẹ̀ wá rí bí etí ìwé tí eku jẹ. Níwájú hítà yẹn, ẹja dúdú kékeré kan tó ní àmì funfun mẹ́ta ń lọ ń bọ̀ bíi màígádì. Domino damsel ni wọ́n ń pè é. Kò tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ, owó tí mo sì fi rà á ò tó owó ṣàwámà kan.

Ohun tó dùn mí ni pé ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Damsel yẹn ni mo kọ́kọ́ gbé sínú tánkì, òun nìkan ló dá gbébẹ̀ fún oṣù kan ààbọ̀, ó ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀, ó ti yan ihò tó wù ú, mo wá lọ gbé àlejò wọlé bá a láìsọ tẹ́lẹ̀. Lójú tiẹ̀, lanlọ́ọ̀dù lòun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ eléyìí fún, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Abuja tàbí Kaduna tàbí Kano, níbi tí òkun ti jìnnà gan-an, tó jẹ́ pé Èkó lẹja ti ń wọ bàálù tàbí bọ́ọ̀sì alẹ́ wá, tí ẹyọ kan bá kú ẹ ò lè sáré lọ ra òmíì ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ẹ fi kiní kan sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ: ẹja ò jà torí pé ó burú, ilé ló ń jà sí. Ihò kan nínú òkúta àti oúnjẹ tó ń gba iwájú ihò yẹn kọjá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú òkun, ẹni tí wọ́n bá lé á sá lọ, ọ̀rọ̀ á parí. Nínú tánkì ẹsẹ̀ bàtà 3, ibo ló fẹ́ sá lọ? Àwọn àgbà ní yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́, ẹja ò gbọ́ òwe yẹn rí.

1. Ẹ jókòó wò wọ́n ná, ẹ má tíì tọwọ́ bọ omi

Ẹ gbé àga síwájú tánkì, ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ń rìn kiri, oúnjẹ ni gbogbo wọn máa rò pé ó dé, wọ́n á pa ìjà tì, wọ́n á wá tò síwájú yín bí ọmọ iléèwé. Ẹ wo ẹni tó ń lé, ẹ wo ẹni tó ń sá, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí ẹni tó ń lé ti máa ń yí padà. Ibẹ̀ ni ààlà ilẹ̀ ẹ̀. Tèmi máa ń lé firefish dé ìdí fíltà kó tó yí padà, ìyẹn ni pé ó ti gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tánkì, ó kù díẹ̀ kó máa gba owó ilé.

Kì í ṣe gbogbo eré ni ìjà o. Tẹ́ja bá na lẹbẹ́, tó yí ẹ̀gbẹ́ hàn fún ẹnìkejì, tó lé e díẹ̀ tó sì padà síbi ìṣe ẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ṣé ẹ̀yin náà kì í pariwo mọ́ ara yín nílé ni? Clownfish, ẹja aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun lára yẹn, tún ní tiẹ̀. Èyí tó kéré á dojú ẹ̀gbẹ́ kọ èyí tó tóbi, á wá máa gbọ̀n yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́. Ọjọ́ tí ìyàwó mi kọ́kọ́ rí i, ó pè mí níbi iṣẹ́, ó ní, "Ẹ máa bọ̀ o, gìrì ti mú ẹja yín." Kì í ṣe gìrì. Ó ń kí ọ̀gá ẹ̀ ni, ìdọ̀bálẹ̀ tiwọn nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó já yín láyà ni lílé tí kò dáwọ́ dúró, lẹbẹ́ tó ya, ìpẹ́ tó ṣí lára, ẹja tó lọ dúró sí igun òkè tánkì tí kò kúrò níbẹ̀ tọ̀sán tòru, àti ẹja tí kò wá síbi oúnjẹ mọ́. Ìkẹyìn yẹn ló burú jù. Lẹbẹ́ á hù padà, ṣùgbọ́n ẹja kékeré tí ìbẹ̀rù ò jẹ́ kó jẹun, ẹ ò ní ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ ẹja kan péré ló wà lókè tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ gbogbo wọn ló wà lókè, ẹni tó ń lé àti ẹni tí wọ́n ń lé, ẹ gbàgbé ìjà, atẹ́gùn ló ti ń tán nínú omi, ẹ sáré wá nǹkan ṣe sí i kíá.

2. Omi, ooru, àti iná tí wọ́n mú lọ

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ fi tẹ́ẹ̀sì kíìtì wò ó: amóníà gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, nítíráìtì (nitrite) gbọ́dọ̀ jẹ́ 0, oró tó ń wá látinú ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó rà làwọn méjèèjì, iyọ̀ kó wà ní 1.025 lórí ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀, ìyẹn bíi gíráàmù 35 nínú kílò omi kan, ooru kó wà láàárín dígírì Celsius 25 sí 26. Omi tí ò dáa máa ń mú kí inú bí ẹja, ẹja tí ara ò tù kì í ṣe sùúrù fún aládùúgbò.

Wàhálà tiwa níbí ni oṣù kẹta àti ìkẹrin. Ooru yẹn kì í ṣeré, omi tánkì mi ti dé 31 rí lọ́sàn-án kan tí kò síná. Omi gbígbóná ò lè gba atẹ́gùn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ara ẹja ń béèrè fún un jù, pọ́ǹpù tó yẹ kó máa da omi rú sì ti kú torí NEPA. Ẹ ra pọ́ǹpù atẹ́gùn oníbátìrì kan sílé, kódà tẹ́ ẹ bá ní inverter. Ẹ kọjú fáànù sí ojú omi, á mú ooru wálẹ̀ bíi dígírì méjì, tàbí kẹ́ ẹ ju ike omi dídì tí wọ́n dé pa sínú ẹ̀ kó máa léfòó, ẹ má da yìnyín lásán sí i o. Fáànù máa ń jẹ́ kómi tètè gbẹ, ọyẹ́ náà bẹ́ẹ̀, tómi bá sì gbẹ iyọ̀ ẹ̀ kì í bá a lọ, torí náà omi tí kò níyọ̀ lẹ máa fi dí i. Omi tí mẹ́rúwà ń tì kiri lọ́mọlanke yẹn, ẹ má dà á síbẹ̀, ẹ ò mọ ibi tó ti pọn ọ́n.

3. Ẹni tó ń na èèyàn ni kẹ́ ẹ tì mọ́lé

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe é lódì. Àánú ẹni tí wọ́n nà á ṣe wá, a ó gbé òun kúrò, a ó fi í síbòmíì kó sinmi, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan a ó gbé e padà, wọ́n á tún nà án. Kí ló fà á? Àlejò ló tún padà dà. Ọmọọ̀ta yẹn ò kúrò nílé ẹ̀ rárá, ṣe ni ilẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ sí i nígbà tí ẹnìkejì ò sí.

Ẹ lọ ra ike asẹ́ tuntun, èyí tó níhò tí wọ́n fi ń sẹ́ ìrẹsì, ó wà ní ọjà Wuse, ó wà ní gbogbo ọjà. Tuntun ni mo wí o, kì í ṣe ti kíṣìnnì, torí ọṣẹ àti epo ò bá ẹja mu. Ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́, ẹ so ó mọ́ etí tánkì kó rì sínú omi dé ibi tó ku bí ìka méjì, ẹ fi páìpù kékeré kan sínú ẹ̀ kó rí nǹkan fara pamọ́ sí, ẹ gbé ọmọọ̀ta sínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì bò ó kó má fò jáde. Ọjọ́ 5 sí 7. Ẹ máa fún un lóúnjẹ, ẹ̀wọ̀n ni, kì í ṣe ààwẹ̀. Láàárín ọjọ́ yẹn ẹni tí wọ́n nà á jáde wá, á jẹun, á yan ihò tiẹ̀, ìgbà tí ọ̀gbẹ́ni bá fi máa jáde, wọ́n ti pín ilẹ̀.

Ibi kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ti máa ṣe òdìkejì ẹ̀ ni tí ara ẹni tí wọ́n nà bá ti ya gan-an, tí kò lè wẹ̀ dáadáa. Òun lẹ máa gbé sínú asẹ́ nígbà yẹn, kẹ́ ẹ fi oúnjẹ sí i níwájú títí tó fi máa lágbára.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mú un wá ńkọ́? Ẹ má fi àwọ̀n lé ẹja kiri láàárín òkúta lọ́sàn-án gangan. Mo ṣe é fún odidi wákàtí kan, ilẹ̀ pálọ̀ tutù rinrin, clownfish ń sá, goby, ẹja mi kan tó máa ń wà nísàlẹ̀, ti ri ara ẹ̀ mọ́ iyanrìn, damsel yẹn nìkan ni ò mira, ó kàn ń yọjú wò mí látinú ihò ẹ̀ bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni ìgèrè, ìgèrè táwọn bàbá wa ń dẹ sódò yẹn gan-an. Ẹ mú ike omi lítà 1.5, ẹ gé orí ẹ̀ níbi tí èjìká ike ti bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ìdérí, ẹ wá dojú orí tẹ́ ẹ gé yẹn dé, kí ẹnu ẹ̀ kọ inú ike. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò wẹ́wẹ́ sára ẹ̀ kómi lè máa gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ fi òwú tí wọ́n fi ń pẹja so ó pọ̀, ẹ fi òkúta kékeré kan sínú ẹ̀ kó lè rì, àti edé tẹ́ ẹ gé wẹ́wẹ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ gbé e sẹ́bàá ihò ẹ̀, ẹ lọ jókòó. Ọmọọ̀ta ló máa ń kọ́kọ́ wọlé torí òun ló rò pé gbogbo oúnjẹ tòun ni. Tèmi ò pé ìṣẹ́jú 40. Tó bá ti wọlé, ẹ fa ike náà sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ má já a gbà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹnu ike kọjú sókè. Tẹ́ja yín bá ti tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ẹ wá ike tí ẹnu ẹ̀ gbòòrò.

Tẹ́ ò bá ráyè ìgèrè, ẹ dúró di wákàtí méjì mẹ́ta lẹ́yìn tẹ́ ẹ paná, ẹja ti sùn nígbà yẹn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó kẹ́ ẹ fi àwọ̀n méjì há a mọ́, ọ̀kan ń lé, ọ̀kan dúró dè é.

4. Ẹ mọ irú ẹni tẹ́ ẹ kó sílé

Ìjà tẹ́ ẹ lè yẹra fún, ní ìsọ̀ lẹ ti máa yẹra fún un. Ẹni tó ń tajà á sọ fún yín pé "èyí ò lè kú, ọ̀gá mi," òótọ́ sì ni, kò lè kú, àwọn yòókù ló máa kú.

Damsel ni mo ní lọ́kàn. Ẹja yẹn lágbára, ó lówó pọ́ọ́kú, ó sì rẹwà lọ́mọdé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi "la omi," ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ fi mú omi tánkì tuntun gbára dì káwọn ẹja yòókù tó wọlé. Ẹ má ṣe é. Edé tútù ẹyọ kan tẹ́ ẹ ju síbẹ̀ kó rà ti tó láti pèsè amóníà fáwọn kòkòrò tó máa ń fọ omi, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kò sẹ́ni tó máa jìyà. Domino tẹ́ ẹ rí tó kéré yẹn á gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, àmì funfun ẹ̀ á máa ṣá bó ṣe ń dàgbà, ìwà ẹ̀ nìkan ni kì í ṣá. Tó bá jẹ́ dandan ni kẹ́ ẹ ní damsel, yellowtail tó ní búlúù lára tìrù ẹ̀ yẹ́lò bíi pupa ẹyin lẹ wá, òun rọ̀ díẹ̀.

Clownfish, oríṣi méjì ló dáa fún ẹni tuntun, ocellaris àti percula. Maroon àti tomato, ẹ fi sílẹ̀, ọwọ́ yín gan-an ni wọ́n máa gé jẹ. Akọ ni gbogbo clownfish lọ́mọdé. Èyí tó bá jọba nínú wọn ló máa di abo, tó bá sì ti di abo kò ní padà di akọ mọ́. Kí lèyí fẹ́ sọ fún yín? Tẹ́ ẹ bá ra abo méjì tó ti gbó, wọ́n á pa ara wọn. Ẹ ra kékeré méjì tí wọn ò dọ́gba, ọ̀kan kó fi díẹ̀ ju ìkejì lọ, wọ́n á parí ẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹ má ra mẹ́ta, méjì á fẹ́ra wọn, ẹ̀kẹta á wọ gàù.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ẹja méjì wà tí iwájú wọn jẹ́ àwọ̀ àlùkò, tí ẹ̀yìn wọn jẹ́ yẹ́lò. Royal gramma, tó wá láti Caribbean, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ihò ẹ̀ nìkan ló ń ṣọ́. Ìkejì ni bicolor dottyback láti Pacific, jàǹdùkú pátápátá. Ní ìsọ̀ wọ́n lè kó orúkọ wọn pa pọ̀. Ẹ wo àárín ara wọn: ti gramma, àwọ̀ méjèèjì máa ń wọnú ara wọn díẹ̀díẹ̀ bí àdìrẹ tó ṣí, ó sì ní àmì dúdú kan níwájú lẹbẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Ti dottyback, ṣe ló dà bí ẹni fi abẹ gé e, àlùkò dúró, yẹ́lò bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kó àwọn méjèèjì pọ̀ o. Òkun tí wọ́n ti wá ò kanra, baba ńlá wọn ò pàdé rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti rí ẹni tó jọ wọ́n báyìí, ó parí.

Ìyẹn gan-an ni òfin tó bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀: ẹja máa ń bá ẹni tó jọ ọ́ jà. Àwọ̀ kan náà, ìrísí kan náà, oúnjẹ kan náà, ihò kan náà. Firefish tí ò lè pa eṣinṣin, tẹ́ ẹ bá kó méjì tí kì í ṣe tọkọtaya sójú kan, wọ́n á lé ara wọn títí ọ̀kan fi máa fò jáde. Banggai cardinal náà, tí akọ ẹ̀ ń fi ẹnu gbé ẹyin, akọ méjì ò gbé pọ̀. Ẹ ra ẹyọ kan.

Sixline wrasse máa ń ṣe dáadáa fún oṣù mélòó kan, ẹ̀ ń yìn ín, ọjọ́ kan ẹ ó jí ẹ ó rí i pé òun ló ń pàṣẹ. Chromis aláwọ̀ ewé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ra márùn-ún torí wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ́, tó bá di oṣù mélòó kan ẹyọ kan ló sábà máa ń kù, èyí tó kù yẹn ló pa àwọn yòókù. Tang, bóyá yẹ́lò bóyá búlúù, ẹ má wulẹ̀ wò ó tí tánkì yín ò bá tó lítà 400. Ìdí ìrù wọn ní abẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, abẹ tó lè la ara ẹja mìíràn tí wọ́n bá fi ìrù gbá a.

Ẹja tí mo fẹ́ràn jù ni watchman goby. Ó máa ń bá edé kan gbé tí wọ́n ń pè ní pistol shrimp, edé yẹn ò ríran dáadáa, òun ló ń gbẹ́ ihò tó sì ń kó iyanrìn jáde látàárọ̀ dalẹ́, goby á dúró lẹ́nu ọ̀nà, edé á fi ìwo ẹ̀ kan goby lára, tí goby bá mi ìrù báyìí, àwọn méjèèjì ti wọlé. Wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

5. Ẹ tún ilé tò

Ìgbà tí ọmọọ̀ta bá wà nínú asẹ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe èyí. Ẹ gbé òkúta kúrò níbi tí wọ́n wà, gbogbo ẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ ti ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fẹ́ kó jáde kó máa bi ara ẹ̀ pé ibo nibí. Dípò òkè kan láàárín, ẹ kọ́ ọ sí òkè méjì, kí àlàfo wà láàárín, kí ẹni tó wà lápá òsì má lè rí ẹni tó wà lápá ọ̀tún. Ohun tójú ò rí, wọn kì í sáré lé e.

Ihò gbọ́dọ̀ ju ẹja lọ. Ẹja 5, ihò 8 tàbí 10. Kí ihò kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà méjì, torí ihò ọ̀nà kan pàkúté ni, wọ́n á há a mọ́bẹ̀. Tí òkúta yín ò bá tó, tí owó òkúta òkun sì ga, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páìpù, ẹ ra élíbò PVC mẹ́ta mẹ́rin, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn òkúta. Ẹja ò mọ̀ pé ti pọ́lọ́ńbà ni. Ẹ jẹ́ kí òkúta ìsàlẹ̀ jókòó lórí gíláàsì gangan kẹ́ ẹ tó da iyanrìn yí i ká; tó bá jẹ́ orí iyanrìn ló wà, goby á gbẹ́ abẹ́ ẹ̀, òkúta á ya lulẹ̀ lórí ẹ̀.

Oúnjẹ náà wà nínú ilé títò. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa jù ú sí ẹ̀gbẹ́ méjì tánkì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀gá ò lè wà níbi méjì. Edé tútù ọjà tí kò níyọ̀, tẹ́ ẹ bó, tẹ́ ẹ gé kéékèèké bí ojú ẹja, ó dáa. Edé gbígbẹ tá a fi ń se ẹ̀fọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ̀fọ́.

6. Ọjọ́ ìtúsílẹ̀

Alẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ fún àwọn tó wà níta lóúnjẹ kí wọ́n yó, ẹ pa iná tánkì, ẹ wá dojú asẹ́ délẹ̀ jẹ́jẹ́ kó fúnra ẹ̀ jáde. Ẹ má tan iná mọ́ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Láàárọ̀ ẹ tún jókòó bí ti ọjọ́ kìíní. Wọ́n á lé ara wọn díẹ̀, ẹ fún wọn ní ọjọ́ méjì. Tó bá ń lé jù, ẹ gbé jígí kékeré kan sí ìta gíláàsì lọ́dọ̀ ẹ̀, á rò pé ọ̀tá tuntun dé, á kọjú sí jígí, àwọn yòókù á ráyè mí. Wákàtí mélòó kan ti tó, ẹ má fi jígí síbẹ̀ mọ́jú, òun náà lè fi ìbínú ṣe ara ẹ̀ léṣe.

Tó bá tún di ọjọ́ kẹta tí lẹbẹ́ ẹlòmíì ń ya, ẹ má fi ẹjọ́ náà falẹ̀ mọ́, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti rà á, kódà tí wọn ò bá san kọ́bọ̀. Ẹnì kan bi mí bóyá kóun lọ da tòun sí Jabi Lake. Omi Jabi ò níyọ̀, kíá ló máa kú níbẹ̀, ìyà lásán ni.

Lẹbẹ́ tó ya máa ń hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tómi bá mọ́. Ẹ ṣáà máa wo ara ẹ̀: tẹ́ ẹ bá rí àmì funfun tíntìntín bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i lára, àrùn ni, ìdààmú ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún un. Oògùn kọ́pà ń pa á, àmọ́ nínú tánkì ọ̀tọ̀, torí kọ́pà ò ní dá edé, akàn àti ìgbín yín sí.

7. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ẹlòmíì wọlé

Ojo ló ń kọ́kọ́ wọlé, akọni ló ń gbẹ̀yìn. Tánkì mi gba bíi lítà 150, tó bá jẹ́ pé mo tún un bẹ̀rẹ̀ lónìí, firefish kan àti goby kan ni màá kọ́kọ́ kó sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, gramma. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 mìíràn, clownfish méjì. Ó tán. Ẹja 5. Mo mọ̀ pé àyè á dà bí ẹni pé ó ṣì wà, ojú yín ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a gbé sínú tánkì kékeré ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, kó jẹun kó lágbára kẹ́ ẹ sì mọ̀ bóyá àìsàn wà lára ẹ̀, ó ṣe tán òun náà ti fara gba ìrìn àjò Èkó s'Abuja nínú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà, asẹ́ yẹn kan náà lẹ máa lò fún un: ọjọ́ 2 tàbí 3 nínú asẹ́ láàárín tánkì ńlá, kí wọ́n máa wo ara wọn láìfọwọ́ kanra. Tí ẹnikẹ́ni bá ń fi orí gbá asẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, ó ti sọ tẹnu ẹ̀ fún yín nìyẹn, ẹ má tú àlejò sílẹ̀. Tí wọ́n bá wò ó tí wọ́n bá tiwọn lọ, ẹ tún òkúta tò díẹ̀, ẹ paná, ẹ tú u sílẹ̀ lálẹ́.

Kẹ́ ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo orí tánkì. Firefish tí wọ́n lé á fò, ilẹ̀ lẹ máa bá a láàárọ̀, ti gbẹ bíi pánlá.

Akàn inú ìkarahun náà ń jà o, ó máa ń pa ìgbín torí ilé ẹ̀. Ẹ ju ìkarahun òfìfo mélòó kan tó tóbi díẹ̀ ju tiwọn lọ síbẹ̀, wọ́n á yan èyí tó bá wù wọ́n.

Damsel tèmi lo ọjọ́ 7 nínú asẹ́. Ọjọ́ kìíní tó jáde, ó ṣe bí ẹni tó ti ronú pìwà dà, ọjọ́ kejì ó ti mú ihò tuntun, ọjọ́ kẹta ó tún ti ń lé firefish, mo bá dẹ ìgèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ gbà á padà, ó fún mi ní ìgbín mẹ́ta, ó sì ti gbé e sí iwájú ìsọ̀ kí n tó wọ mọ́tò. Lẹbẹ́ firefish hù padà lọ́jọ́ kejìlá, kò gùn tó ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀tá ẹ̀ ti lọ, ihò mẹ́sàn-án ló wà nínú tánkì tó lè mú èyí tó bá wù ú, àmọ́ tí mo bá ti paná lálẹ́, ẹ̀yìn hítà yẹn ló ṣì ń lọ sùn.